Bí Ìjókòó Sikútà Bá Há: Ẹ Wá Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fi Ipá Ṣe É

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé oṣooṣù

 

Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lórí ohun kan tí yóò ṣe wá láǹfààní. Mo yan ọ̀rọ̀ ìjókòó sikútà tí ó ń há. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá dé ibi tí a ń gbé máṣíìnì sí lẹ́yìn géètì ní àárọ̀ yóò rí i pé tíúbù táyà ni àwọn kan fi de ìjókòó wọn, okùn ni àwọn mìíràn fi so ó. Ẹni tí ó de ìjókòó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tí ó bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀.

Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Náà Fi Tóbi

Vespa tí ilé iṣẹ́ Piaggio ní ìlú Pontedera, ní ilẹ̀ Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1946 wà lára àwọn tí ó sọ sikútà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Agbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè wọn. Ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú ni Corradino D'Ascanio tí ó ya àwòrán rẹ̀. Ó gbé ìnjìnnì sí ẹ̀yìn, ó sì fi páànù bò ó, kí ọ́ìlì má baà ta sí aṣọ ẹni tí ń gùn ún. Tánkì epo wá bọ́ sí abẹ́ ìjókòó. Púpọ̀ nínú àwọn sikútà tí a ń gùn lónìí, àní àwọn tí kò ní jíà rárá, ṣì tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Abẹ́ ìjókòó ni ẹnu tánkì wà. Abẹ́ ìjókòó ni a ń kó akoto, aṣọ òjò, ìwé máṣíìnì àti oúnjẹ ọ̀sán sí.

Nítorí náà, ìjókòó sikútà kì í ṣe àga lásán. Ilẹ̀kùn ni. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá ṣí, ẹ lè ní owó lọ́wọ́, kí ẹ dúró níwájú ilé epo, kí ẹ má lè ra epo. Ẹ̀rọ tí ń lu káàdì ní géètì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀; ó kàn mọ̀ pé ẹ pẹ́ dé. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá sì tì, èyí burú jù ú lọ. Ìjókòó tí kò dì mú lẹ́yìn lè sún lábẹ́ ẹni méjì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì, tàbí nígbà tí táyà bá kọ́ sínú kòtò. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ ṣubú. Ó lè jẹ́ ìyàwó ẹni, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí à ń gbé lọ sí ilé ìwé.

Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ẹ̀yà Ara Rẹ̀

Ohun tí ó ń di ìjókòó mú kò pọ̀. Ẹ̀yà márùn-ún ni.

Èkíní ni ojú kọ́kọ́rọ́. Ní ara àwọn kan, ibi tí a ti ń sí sikútà náà ni. Ní ara àwọn mìíràn, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní ẹ̀yìn ìjókòó.

Èkejì ni kébù, èyí ni wáyà onírin tí ó gba inú rọ́bà gbọọrọ kọjá láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ sí ẹ̀yìn, bí ti bíréèkì kẹ̀kẹ́. Sikútà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára ìjókòó gan-an kì í sábà ní in.

Ẹ̀kẹta ni ìkọ́, tí ó ń gbá ìjókòó mú. Sípírìn kékeré kan ni ó ń dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni òrùka irin tí a tẹ̀ bí lẹ́tà U, tí ó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Òun ni ìkọ́ ń gbá mú.

Ìkarùn-ún ni híńjì tí ó wà níwájú, bíi ti ilẹ̀kùn, pẹ̀lú àwọn rọ́bà kéékèèké tí ìjókòó ń gbé ara lé.

Bí ìjókòó bá há, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yìí ni ó ní ẹ̀bi. Iṣẹ́ wa ni láti mọ èyí tí í ṣe, kí a má baà fi ìyà jẹ èyí tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ Kọ́kọ́ Ṣí I Láìfipá

Ẹ gbé sikútà náà dúró lórí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ pa ìnjìnnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ pe ẹnì kan kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ìjókòó mọ́lẹ̀ gbọn-in, nígbà tí ẹ̀yin ń yí kọ́kọ́rọ́. Kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó dẹ̀ ẹ́, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ń ti ìjókòó sókè láti inú, òrùka yóò máa fa ìkọ́ le débi pé kọ́kọ́rọ́ kò ní lè tú u. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìnira á kúrò lára ìkọ́, yóò sì tú.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa ti fẹ́ ra lọ́ọ̀kù tuntun nítorí èyí. Nígbà tí a tẹ ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ṣí, aṣọ òjò àti akoto ni a rí tí ó kì mọ́ inú rẹ̀ bí àgbàdo inú àpò. Ó kó akoto jáde, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò ná kọ́bọ̀.

Bí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ bá le láti yí, ẹ má lọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ tí ó bá kán sínú ihò ti sọ iṣẹ́ kan di méjì. Ẹ mú pẹ́ńsù dúdú tí ó rọ̀, ẹ fi pa eyín kọ́kọ́rọ́ náà dáadáa, ẹ tì í bọ ihò, ẹ yọ ọ́, ẹ tún tì í bọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó kan. Ẹ̀tù dúdú pẹ́ńsù ń mú inú kọ́kọ́rọ́ yọ̀, kò sì ń kó eruku jọ. Ẹ má ki gírísì sínú ihò kọ́kọ́rọ́. Eruku ojú ọ̀nà wa yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì di amọ̀.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń yí wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò rí nǹkan fà, kébù ti yọ tàbí ó ti já. Ẹ tú ìbòrí tí ó wà ní ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́, ẹ wá orí wáyà náà, kí ẹ fi pláyà fà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń tẹ ìjókòó. Bí ó bá já níbi tí ọwọ́ kò tó, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ó mọ sikútà.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ má ki irin gbọọrọ bọ abẹ́ ìjókòó kí ẹ máa fi gbé e sókè. Tánkì epo wà níbẹ̀, páànù rẹ̀ kò sì nípọn. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, ẹ má sì gbé àbẹ́là tàbí àtùpà sún mọ́ ọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Èyí tí ó dára jù ni kí ẹ dúró di ojúmọ́.

Ìdánwò Tí Ó Pín Ọ̀rọ̀ Sí Méjì

Nígbà tí ìjókòó bá ti ṣí, ẹ má tíì fi ọ́ìlì kan nǹkan. Ẹ kó ẹrù jáde. Ẹ rí i dájú pé ìdérí tánkì dé dáadáa. Ẹ fi igi gbé ìjókòó ró kí ó má baà wó lù yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu sikurudíráfà tẹ ìkọ́ náà bí ẹni pé òrùka ni ó ń wọlé. Ẹ óò gbọ́ "ká": ó ti tì. Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí ìkọ́ náà tú padà kíá.

Bí ó bá tì, tí ó sì tú bí ó ti yẹ, kọ́kọ́rọ́, kébù, ìkọ́ àti sípírìn kò ní ẹ̀bi. Òrùka ni kò bọ́ sí ojú àyè rẹ̀ mọ́, tàbí híńjì iwájú ti dẹ̀, tàbí àwọn rọ́bà kò dọ́gba. Bí kò bá tì, tàbí tí kò tú, ìkọ́ tàbí kébù ni kí ẹ wò, kí ẹ fi òrùka sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n òun ni ó yà ẹni tí ń tún nǹkan ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń tú nǹkan ká. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má pa ìjókòó dé bí ìkọ́ kò bá tíì tú nígbà tí ó ṣí sílẹ̀. Ẹ óò tún bá a níbi tí ẹ ti bá a lákọ̀ọ́kọ́.

Bí Ó Bá Jẹ́ Ìkọ́

Nínú ọ̀pọ̀ sikútà tí mo ti bá àwọn ará wa wò, eruku àti gírísì àtijọ́ tí ó ti gan ni ó ń dá ìkọ́ dúró. Ẹ bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú ìdérí agolo. Ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ fi fọ ìkọ́ àti ìdí rẹ̀ àti sípírìn. Ẹ máa fi ẹnu sikurudíráfà sún ìkọ́ lọ, kí ẹ sún un bọ̀, kí ìdọ̀tí inú lè jáde. Ẹ má lo pẹtiróòlù. Ó ń tètè gbiná. Ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì kán sí ara fóòmù ìjókòó tàbí sínú tánkì. Ẹ fi àkísà nù ún gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ méjì tàbí mẹ́ta sí ibi tí ìkọ́ ti ń yí. Ẹ fi gírísì bíńtín pa ojú ibi tí ìkọ́ àti òrùka ti ń pàdé. Ó tó. Àwọn kan ń lo epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà. Ẹ jọ̀wọ́, ọbẹ̀ ni ẹ fi wọ́n sè. Bí wọ́n bá pẹ́ lára irin, wọn a máa lẹ̀ bí oje igi. Ọ́ìlì dúdú tí a fà jáde lára ìnjìnnì kò dára pẹ̀lú, nítorí ìdọ̀tí àti lúbúlúbú irin wà nínú rẹ̀.

Bí ìkọ́ bá mọ́ tí kò sì padà sí àyè rẹ̀, ẹ wo sípírìn. Bóyá orí rẹ̀ ti yọ, kí ẹ fi pláyà dá a padà. Bí ó bá ti nà jù tàbí tí ó ti kán, ẹ ra òmíràn tí ó bá a dọ́gba.

Bí Ó Bá Jẹ́ Kébù

Kébù tí ó ń le jẹ́ kébù tí omi ti wọ̀, tí ó ti dípẹtà. Ẹ tú orí rẹ̀ tí ó wà lókè, ẹ fi ọ̀rá nàìlọ́ọ̀nù ká a bí àrọ, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí òróró náà ráyè wọ ìsàlẹ̀. Ẹ wá máa fa wáyà náà lọ, kí ẹ máa fà á bọ̀. Bí ẹ bá rí i tí fọ́nrán wáyà ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi òróró tù ú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ó bá dẹ̀ jù, nọ́ọ̀tì kékeré kan sábà máa ń wà ní ìdí rẹ̀ tí a fi ń fà á le. Ẹ má fà á le tán. Ẹ jẹ́ kí ó dẹ̀ bí ìnípọn igi ìṣáná kan. Kébù tí ó le jù kò ní jẹ́ kí ìkọ́ padà sí àyè rẹ̀, ìjókòó kò sì ní tì.

Bí Ó Bá Jẹ́ Òrùka

Ẹ kọ́kọ́ di bóòtù híńjì iwájú, nítorí bí iwájú bá ń mì, kò sí bí ẹ̀yìn ṣe lè bọ́ sí ojú ibi kan náà lójoojúmọ́. Ẹ wo àwọn rọ́bà abẹ́ ìjókòó bóyá ọ̀kan ti jábọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ìdí òrùka ká, kí ẹ lè mọ ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Bí bóòtù bá di òrùka náà mú, ẹ fi sípánà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má tú u kúrò. Ẹ rọra pa ìjókòó dé kí òrùka lè wá ojú àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ tún ṣí i, kí ẹ wá dì í le. Bí kò bá tíì ṣe déédéé, ẹ sún un ní ìwọ̀n igi ìṣáná kan, kí ẹ tún dán an wò. Bí wọ́n bá jó òrùka náà mọ́ irin ìjókòó, tí ó sì ti wọ́, ẹ má fi òòlù lù ú lórí tánkì. Ẹ tú ìjókòó kúrò, kí ẹ gbé e jìnnà sí epo kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ padà.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi sikurudíráfà dán ìkọ́ wò ní ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó pa ìjókòó dé rárá. Ẹ wá pa á dé, kí ẹ ṣí i, ní ìgbà márùn-ún. Láti ọjọ́ náà lọ, kí ẹ tó gùn ún lójoojúmọ́, ẹ fi ọwọ́ kan fa ẹ̀yìn ìjókòó sókè. Bí ó bá dì mú, ẹ máa lọ.

Ohun Tí Ó Kan Ẹgbẹ́ Nínú Ọ̀rọ̀ Yìí

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni èyí jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé iṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ wa ní ìbòrí ààbò tí ìkọ́ ń dì mú. Àwọn mìíràn ní ìyípadà iná kan tí ó ń dá ẹ̀rọ dúró bí ìbòrí bá ṣí. Nígbà tí ìkọ́ ìbòrí bá há, tí iṣẹ́ sì ń kánjú, kí ni a máa ń gbọ́? "Ẹ fi wáyà dè é, kí iṣẹ́ máa lọ." Ọ̀rọ̀ tíúbù táyà náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé, ní ti ẹ̀rọ, ìka ọwọ́ ni owó ìtanràn. Ẹ̀yin awakọ̀ náà mọ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tí a fi okùn so, àti bónẹ́ẹ̀tì tí a fi wáyà dè.

Sikútà yín, ẹ̀yin ni ẹ ni ín, ẹ lè tún un ṣe. Ìbòrí ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ ni ó ni ín, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Òfin Factories Act tí ó jáde ní 1987 sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ láti dáàbò bo apá ẹ̀rọ tí ó léwu. Nítorí náà, bí ìkọ́ ìbòrí bá há, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ sọ fún fọ́máànù, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì pe aṣojú yín. Ẹ má gba wáyà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣì kù. Òfin Employee's Compensation Act ti 2010 gbà pé òṣìṣẹ́ tí jàm̀bá bá ṣe lójú ọ̀nà láàrin ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ lè gba owó ìtanràn ara. Púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i, ẹ fi tó ilé iṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀ka mọ̀. Bí ara ẹni náà kò bá lè gbé e, kí ará ilé rẹ̀ wá bá wa. Ṣùgbọ́n ìjókòó tí ó dì mú sàn ju owó tí a ń gbà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè Méjì

Arábìnrin kan láti ẹ̀ka ìdìpọ̀ ẹrù béèrè pé, ṣé obìnrin lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Mo dá a lóhùn pé, ẹni tí ó bá lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ máṣíìnì ìránṣọ ti ní ọwọ́ àti sùúrù tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Kò sí ibi tí ó gba agbára nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé ó fẹ́ gba agbára, ẹ dúró, nǹkan kan ni ẹ kò tíì rí.

Bàbá wa kan béèrè pé, ṣé kí á máa fọ ọ́ lóṣooṣù ni. Rárá, sà. Ẹ kán òróró sí i lẹ́ẹ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé "ká" rẹ̀ kò dún bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ wò ó ní ọjọ́ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Alága ti fún wa láyè: ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀, kí ẹni tí ìjókòó rẹ̀ ń há gbé sikútà rẹ̀ wá sí iwájú ọ́fíìsì ẹ̀ka. Kí ó mú àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ dání. Òróró wà lọ́dọ̀ wa. A kò ní gba owó, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó lè kọ́ ẹlòmíràn.